Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Àwọ̀n

Bí ẹ bá dé Ìkòròdú lónìí, tí ẹ ní ẹ ń wá ẹni tó ń ya ìwé àwòrán bọ́ọ̀lù, ọmọdé ibẹ̀ ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Tìrìmísíyù ni orúkọ rẹ̀. Wọn á sọ fún yín pé ọlọ́pọlọ pípé ni, pé onísùúrù ni, pé kì í bá ènìyàn jà. Èmi Hanifah, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kan ti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ rí, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi eyín han aráyé. Mo kà á tán, mo fi nu gáàsì ìdáná mi. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé Mùsùlùmí tí àwọn baba ńlá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó láyé ọjọ́un, nígbà tí ogun lé wọn. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Dáúdà, ọkọ mi, ni ẹ̀gbọ́n. (Èmi kì í pe ọkọ mi lórúkọ nílé o. Kí ọ̀rọ̀ lè yé yín ni mo ṣe ń pè é níbí.) Bàbá wọn tètè kú. Iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà ni Dáúdà fi rán àbúrò rẹ̀ nílé ìwé, ilé ìwé tí wọ́n sì rán an lọ, àwòrán ló lọ ń yà síbẹ̀. Tíṣà nà án títí, kò jáwọ́. Kó tó jáde níbẹ̀, òun ló ń kọ orúkọ sára ọkọ̀ àwọn apẹja, tó ń ya ẹja àti ẹyẹ idì sí imú ọkọ̀ fún wọn.

Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Mi ò ní torí pé mo ń bínú kí n wá purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo wọlé wọn, mo bá a nílé. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo wá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí pẹ́ńsùlù tí kì í kúrò létí rẹ̀. Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀. Akọ̀wé, oúnjẹ yín ti tutù o. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí orúkọ yẹn gan-an, á rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí wọ́n fi í joyè.

Ohun méjì ló sọ ọ́ di ẹni tó dà. Èkíní ni pé kì í bá àwọn èrò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹ̀yìn àwọ̀n ló máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn àwọ̀n tí Dáúdà ń ṣọ́, nítorí aṣọ́lé ni Dáúdà. Ibẹ̀ ló ti mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe máa ń tóbi bọ̀ lójú ẹni tó fẹ́ mú un. Nínú ìwé rẹ̀ títí dòní, ẹni tó ń kàwé ni bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá. Mo ti rí ọmọdé tó fi ọwọ́ bojú nígbà tó ṣí i. Èkejì ni pé kì í ya ojú tí kò rí rí. "Mi ò lè ya ojú tí kò sí láyé," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Á yí aṣọ padà, á sọ ẹni kúkúrú di gíga, ṣùgbọ́n ojú yẹn, ojú ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ ni. Ojú sì lọ̀rọ̀ wà.

Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ọmọ Ìkòròdú pàdé nínú àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ kan. Wọ́n gbé e sí Àgbọ́wà, torí pé ààrin ọ̀nà ni. Inú oṣù Ràmàdáánì ni, òjò sì ń ṣú lójoojúmọ́. Dáúdà ò tíì gbé mi níyàwó nígbà náà, ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé wọn lọ. Wọ́n kọ́kọ́ jiyàn lórí ọjọ́ orí agbábọ́ọ̀lù méjì títí ọjọ́ fi rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì bẹ Dáúdà kó jẹun, Ọlọ́run á dárí jì í, á san án padà lẹ́yìn ọdún. Dáúdà ní òun ò ní jẹun. Ó gbààwẹ̀ náà, ó sì ń mú bọ́ọ̀lù bí ẹni ń já ọsàn lórí igi.

Ìdajì kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù. Ojú ọ̀run ṣókùnkùn fún òjò, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá oòrùn ti wọ̀ tàbí kò tíì wọ̀. Tìrìmísíyù wà lẹ́yìn àwọ̀n, bébà rẹ̀ lórí orúnkún, omi inú ọ̀rá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní fóònù kan nígbà náà tó rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti Kánò dé. Fóònù yẹn máa ń pe ìrun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrun Kánò ló ṣì ń pè, kò sì rántí yí i padà. Oòrùn Kánò máa ń wọ̀ ṣáájú tiwa. Fóònù pe ìrun.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti pe ìrun! Ẹ gba omi!"

Ó ti ọwọ́ bọ ojú àwọ̀n, ó na omi sí i. Bọ́ọ̀lù wà lọ́nà jíjìn, lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́. Dáúdà yíjú padà, ó nawọ́ gba omi. Ẹnu ibi tó ti ń sọ bísímíláì ni ọmọ Ìkòròdú kan ti já bọ́ọ̀lù gbà, tó rí ẹ̀yìn aṣọ́lé, tó sì gbá a láti ibi tó wà. Ó wọlé. Ìgbà tí wọ́n ń yọ̀ ni mọ́sálásí Àgbọ́wà tó pe ìrun tirẹ̀.

Nínú òkùnkùn yẹn, ọwọ́ nìkan ni wọ́n rí, wọn ò rí ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ bo Dáúdà. "Kí ni wọ́n fún ẹ lẹ́yìn àwọ̀n? A rí ẹ, o nawọ́ gba nǹkan!" Balógun wọn fa jẹ́sí rẹ̀ ya mọ́ ọn lọ́rùn. Àṣìṣe ni, ohun tí Dáúdà wí nìyẹn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tìrìmísíyù dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, fóònù wà lápò rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà, kò sẹ́ni tó jókòó ti ọkọ mi àfi èmi. Kò ṣọ́lé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èmi náà ò mọ ọ̀rọ̀ fóònù. Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tá a gbà nílé gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya ni mo tó mọ̀. Mo gbé èso dàbínù tá a fẹ́ fi ṣínu kalẹ̀, fóònù mi pe ìrun, Dáúdà ò na ọwọ́. Ó ń retí mọ́sálásí. Mo bi í léèrè títí, ó wá sọ fún mi, ó sì bẹ̀ mí kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Bí mo bá wí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á sọ ọmọ náà sínú ọ̀sà," ó ní. Mo ṣèlérí fún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Tìrìmísíyù ti sá lọ sí Ìkòròdú nígbà náà, mo ní ó sá lọ, torí sísá ni. Ó bá ọkùnrin ọmọ Ọ̀ṣun kan tó ń jẹ́ Fábíyìí gbé, ẹni tó ń kọ pátákó sójú ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àwòrán tó sọ ọ́ di ẹni ńlá, *Ẹgbẹ́ Ọ̀sà*. Àwọn ọmọkùnrin abúlé apẹja ni, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ gbá bọ́ọ̀lù káàkiri, lọ́jọ́ kan Ìbẹ́ṣẹ́, lọ́jọ́ kejì Ejìnrìn. Ìjì á gbé wọn, ewéko á há wọn mọ́, àwọn alátakò á jí àjẹ̀ wọn, wọ́n á sì dé pápá nígbà tí rẹfirí ti fẹ́ fọn fèrè. Ó kọ́kọ́ ń fi í sórí fóònù, àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé, àwọn ilé ìwé gbà á, wọ́n ń pè é wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀.

Gbogbo ìtàn ló gbọ́dọ̀ ní ọ̀dàlẹ̀, àbí? Nínú ìwé kìíní, aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà ló ta bọ́ọ̀lù. Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n ló ń jẹ́. Ó na ọwọ́ gba inú àwọ̀n sẹ́yìn, ọwọ́ kan tí kò lójú sì fi owó sí i. Ojú ta ni Tìrìmísíyù wá fún Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n? Ojú ọkọ mi. Àpá tí ẹ́ńjìnnì dá sí i lókè ojú òsì, èjí ẹnu rẹ̀, etí rẹ̀ tó ṣe pẹrẹsẹ, kò gbàgbé ọ̀kan. Láti ìwé kìíní dé ìkeje, Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n yìí kan náà ló ń lu ihò sí ìdí ọkọ̀ àwọn ọmọ náà, tó ń fọ́ àjẹ̀ wọn. Àwọn òǹkàwé ń pàtẹ́wọ́ fún Tìrìmísíyù, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ náà dà bí ènìyàn gidi. Báwo ni kò ṣe ní dà bí ènìyàn gidi!

Ìwé kìíní yẹn, Dáúdà fi ìdùnnú rà á. Ó kà á létí ọ̀sà, ó pa á dé, ó tì í bọ inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. "Ó yà mí dáadáa," ó ní. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọdé Ẹ̀pẹ́ ti ń pariwo mọ́ ọn tó bá ń kọjá: "Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n! Èló lo tà á?" Àwọn tó gbé ẹ́ńjìnnì wá á máa yínmú. Mo múra láti lọ kò ó lójú ní Ìkòròdú, Dáúdà dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi. Ọmọ ìyá òun ni, ìtàn lásán ni, yóò rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́dún tó kọjá, Abdulhakeem, ọmọ àdúgbò wa tó ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ó ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn aṣọ́lé. Bí Dáúdà ṣe gbọ́, ó wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn. Mo gbọ́ tó ń súfèé. Ọdún wo ni mo ti gbọ́ ìyẹn kẹ́yìn! Ó lọ, kò sì pẹ́ tó fi padà dé.

"Abdulhakeem ní òun mọ̀ pé ìwé lásán ni," Dáúdà ní. "Ṣùgbọ́n àwọn òbí ní àwọn ò lè fa ọmọ àwọn lé Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n lọ́wọ́."

Ó fi ìbọ̀wọ́ kọ́ sára ìṣó, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Mo wo ìbọ̀wọ́ yẹn. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Wọ́n ń kéde nígbà náà pé ìwé ìkẹjọ ń bọ̀, òun ló sì máa kẹ́yìn, pé Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n máa kú sómi níbẹ̀. Wọ́n pe àwọn ènìyàn sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòròdú kí oníṣẹ́ ọnà wá ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ. Olùkọ́bìnrin kan, Ọláwùmí, ló ń darí ètò. Tìrìmísíyù wà lórí àga gíga nínú aṣọ funfun, pẹ́ńsùlù létí, ó ń sọ pé òun kì í ya ojú tí òun kò rí rí. Wọ́n ní kí ẹni tó ní ìbéèrè dìde. Mo dìde.

"Tìrìmísíyù!"

Orí rẹ̀ ta sókè. Fábíyìí, ọ̀gá rẹ̀, tó mọ̀ mí dáadáa, yíjú wò mí bí ẹni tó rí ìyàwó tó ń lu ìyá ọkọ.

"Tìrìmísíyù, ìwọ ni mò ń pè. Èmi ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Kí ni ọkọ mi nawọ́ gbà lẹ́yìn àwọ̀n ní Àgbọ́wà?"

Ó ń lá ètè. "Ìyàwó wa, ìtàn àròsọ ni. Fíkíṣọ̀n ni."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní o kì í ya ojú tí o ò rí rí. Ta ló wá ni ojú Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n? Ta ló sì ni ọwọ́ tí kò lójú yẹn?"

"Màdámù, please, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ara wa," Ọláwùmí ní. "Àwọn ọmọdé wà níbí."

"Torí àwọn ọmọdé ni mo ṣe wá. Àwọn ló ń ju òkò ọ̀rọ̀ lu ọkọ mi lójú títì."

Wọ́n mú mi jáde. Ọkùnrin tó mú mi jáde tún ní kí Ọlọ́run má fi irú mi ṣe ìyàwó òun. Mo ní àmín, èmi náà ò fẹ́ ẹ. Ẹ wò ó, mi ò sọ ọ̀rọ̀ fóònù, mi ò sọ ọ̀rọ̀ omi. Ìbéèrè ni mo bi í. Ìlérí tí mo ṣe fún ọkọ mi ṣì wà lọ́rùn mi.

Kí n tó dé Ẹ̀pẹ́, fídíò ti ṣáájú mi dé. Dáúdà ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. "O pe ọmọ ìyá mi lórúkọ ní gbangba," ó ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo pè é. Ìjà yẹn ò tíì tán títí di ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Tìrìmísíyù fúnra rẹ̀ wọlé dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó gbé pátákó ìyàwòrán rẹ̀ há abíyá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí ohun tí ìyàwó yín fi mí ṣe? Gbogbo ayé ló ń bi mí ní ìbéèrè. Iṣẹ́ mi fẹ́ bà jẹ́!"

"Iṣẹ́ ẹ?" Mo ti fò dìde. "Ti ẹni tí o fi ojú rẹ̀ jẹun ńkọ́?"

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀!"

"Wàá bá mi sọ̀rọ̀ lónìí!"

"Ẹ dákẹ́." Dáúdà ni. Ọkọ mi kì í pariwo, kò sì pariwo lọ́jọ́ yẹn náà. Ó wo àbúrò rẹ̀. "Tìrìmísíyù, mo ti gbé ẹrù yìí fún ọdún méje. Mo rò pé bó o bá dàgbà, wàá wá gbà á lórí mi. Dípò kó o gbà á, o tún ń dì í kún un. Ó ti wúwo jù. Wá gbé tìẹ."

Tìrìmísíyù ṣubú sórí àga. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun ní Àgbọ́wà. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ yà á, gbogbo ènìyàn ti ń sọ pé owó ni, òun náà sì ya owó, lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, òun ò mọ ibi tí òun lè gbà padà mọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú. Mo fẹ́ gbá a létí.

"Ojú ewé ìkẹyìn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ," Dáúdà ní. "Yà á bó ṣe rí. Ya ẹni tó wà lẹ́yìn àwọ̀n."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ya ojú ara mi rí. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo wọ yàrá, mo yọ díńgí mi lára ògiri, mo gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ gbàgà. "Mọ̀ ọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ó ya àwọ̀n, ó ya Dáúdà tó yíjú padà, ó ya ọwọ́ tó na omi, ó wá so ọwọ́ náà mọ́ ara, ó so ara mọ́ ojú. Ojú tirẹ̀ ni. Ó ya fóònù sí ọwọ́ kejì. Èmi dúró lórí rẹ̀ bíi wódà ẹ̀wọ̀n, mò ń wò ó kó má fi nǹkan kan pamọ́. Ó yà á ní oníwàkiwà ènìyàn, ètè tútù bíi tẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi, ojú olè. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Dáúdà gbé e, ó wò ó pẹ́.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mo ní kí ló tún kù.

"Ètè rẹ̀. Ètè rẹ gbẹ lọ́jọ́ yẹn, Tìrìmísíyù. Ìwọ náà ń gbààwẹ̀. Omi méjì lo mú dání, o ò tíì fọwọ́ kan tìẹ. Èmi lo kọ́kọ́ fún."

Tìrìmísíyù dojú dé orí pátákó, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kojú sí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kórìíra ọkùnrin yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òǹgbẹ ń gbẹ òun náà. Ó nu ojú, ó pa ètè yẹn rẹ́, ó tún un yà.

Ìwé ìkẹjọ jáde báyẹn. Àwọn ọmọdé kan ní kò dùn, pé àwọn fẹ́ kí Ọlọ́wọ́-Àwọ̀n kú sómi. Abdulhakeem kà á, ó sì wá sílé wa fúnra rẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, Dáúdà máa ń yọ ìbọ̀wọ́ lára ìṣó, á lọ kọ́ àwọn aṣọ́lé. Ohun àkọ́kọ́ tó ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má wẹ̀yìn, ìbáà jẹ́ ìyá wọn ló ń pè wọ́n. Tìrìmísíyù náà ń wá láti Ìkòròdú, ẹ̀yìn àwọ̀n kan náà ló ń jókòó sí. Àwọn ọmọdé Ẹ̀pẹ́ ti rí orúkọ tuntun fún un, "Ìrun Kánò!" ni wọ́n ń kí i. Mi ò bá wọn wí.

Tí wọ́n bá kúrò ní pápá, ó máa ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jẹun. Mo máa ń gbé oúnjẹ fún un, mo máa ń gbé omi tì í. Tìrìmísíyù, oúnjẹ yín rèé. Á dúró díẹ̀, á wo ojú mi kó tó ṣí i. Mo mọ ohun tó ń retí. Ó ń retí kí n pè é ní Akọ̀wé. Yóò retí pẹ́.